Òwò Ńlá àti Ọwọ́ Ọmọdé: Láti Pawtucket dé Ojú Ọ̀nà Ìlobùú àti Ifọ́n

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń dá sí ọ̀rọ̀ òwò àti ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ ọrọ̀ ajé kà sí oko tiwọn. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá ṣe fún òwò ńlá kò sí nínú ìwé ìṣírò àwọn olówò. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó fi ara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá a.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àlàyé tí a máa ń ṣe lé e lórí ni pé tọmọdé tàgbà nílò ara wọn. Àlàyé náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé àdéhùn ni òwe náà ń sọ: àgbà yóò bá ọmọ mú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, ọmọ yóò bá àgbà mú ohun tí ó wà nínú kèrègbè. Ẹni méjì ni ó wà nínú àdéhùn yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kẹta dé, ẹni tí kì í ṣe bàbá tí kì í sì í ṣe ọmọ, tí ó rí i pé èrè ń bẹ nínú ọwọ́ tí ó wọ kèrègbè. Ẹnì kẹta yìí ni mo pè ní òwò ńlá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti hàn gbangba jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1790, ní ìlú Pawtucket ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Samuel Slater, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òwú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí iṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ ìrànwú tí agbára omi ń yí. Ọmọdé mẹ́sàn-án ni òṣìṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbà. Kò sí èyí tí ó ju ọmọ ọdún 12 lọ nínú wọn. Ìka kékeré ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́, nítorí pé òwú a máa já, ẹni tí yóò sì so ó pọ̀ gbọ́dọ̀ kéré tó láti rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ tí ń sáré. Kèrègbè inú òwe wa rèé, ṣùgbọ́n irin ni a fi mọ ọn, kò sì ní ìsinmi. Nígbà tí ó ṣe, Slater bẹ̀rẹ̀ sí í gba odidi ìdílé sí iṣẹ́: bàbá ni yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé bàbá tí ó tọwọ́ bọ̀wé yìí.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1865, òwò Amẹ́ríkà kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ti rí rí. Rockefeller dá ilé iṣẹ́ epo Standard Oil sílẹ̀ ní ọdún 1870. Nígbà tí ó fi di ọdún 1901, ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n pè ní U.S. Steel ti fìdí múlẹ̀, òun sì ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké a máa jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lórí pákó, èédú a máa rọ́ kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn a sì máa fi ìka lásán ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní ọdún 1900, iye àwọn ọmọ ọdún 10 sí 15 tí a kà mọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ pé oko ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ. A ó padà sórí èyí.

Àwọn tí ó bá òwò ńlá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ohun kan tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́: ilé iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni lè dúró síbẹ̀ ní ìdájí kí ó ka orí àwọn ọmọ tí ń wọlé. Ní oṣù Júláì ọdún 1903, arúgbó obìnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mother Jones kó àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ òwú jáde ní Philadelphia, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi dé ibi tí Ààrẹ Theodore Roosevelt ti ń sinmi ní Oyster Bay. Ààrẹ kò rí wọn. Àwọn ará ọ̀nà rí wọn. Ní ọdún 1904 ìgbìmọ̀ kan dìde láti gbógun ti kíkó ọmọdé ṣiṣẹ́, ní ọdún 1908 ìgbìmọ̀ náà sì gba olùyàwòrán kan, Lewis Hine, tí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kiri láti ilé iṣẹ́ dé ibi ìwakùsà. Àwòrán Hine ni ó mú kí ọmọdébìnrin tí ó dúró láàárín ẹ̀rọ méjì di ẹni tí aráyé ń wò lójú.

Òfin dé ní ọdún 1916. Ọjà ni òfin náà dì mú: ọjà tí ilé iṣẹ́ bá fi ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ṣe kò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan kọjá sí òmíràn. Ta ni ó gbé òfin yìí lọ sí ilé ẹjọ́? Bàbá ni. Roland Dagenhart, ará Charlotte ní North Carolina, tí òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Reuben àti John, jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú, ni ó pẹjọ́ pé òfin náà gba ẹ̀tọ́ òun lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ òun. Àwọn olówó ilé iṣẹ́ òwú ni wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sanwó fún agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1918 adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, òfin náà sì wó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, akọ̀ròyìn kan wá Reuben kàn, ó bi í léèrè èrè tí ó jẹ nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá a jàre rẹ̀. Ìdáhùn ọmọ náà, tí ó ti di ọkọ àti bàbá nígbà náà, kò gùn: ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti ìgbádùn ọkọ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ ni ì bá wu òun, ara òun kò sì dàgbà tó ti ẹgbẹ́ òun. Ọdún 1938 ni òfin mìíràn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí ó wà ní oko bàbá rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin 1938 náà. Oko kò ní ẹnu ọ̀nà tí olùyàwòrán lè dúró sí.

Èyí ni ó mú mi padà wá sílé. Bí a bá ti Òṣogbo gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, a ó kan Ìlobùú, ìlú Laarosin, níbi tí òkìkí Erinlẹ̀ ti gbilẹ̀. Ifọ́n, ìlú Olúfọ́n, kò sì jìnnà sí i rárá, nítorí oko àwọn méjèèjì wọ inú ara wọn. Àgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀, wọ́n ń gbin iṣu, àgbàdo àti òwú, wọ́n ń pọn epo, wọ́n sì ń hun aṣọ. Kò sí ẹ̀rọ Slater kankan lójú ọ̀nà yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ojú Amẹ́ríkà wá ìtàn òwò ńlá àti ọmọdé yóò wò ọ́n, yóò sì sọ pé kò sí ìtàn kankan níhìn-ín. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí irú ojú bẹ́ẹ̀ fi tàn wá jẹ.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ó wà ní oko Ìlobùú àti Ifọ́n kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ sí ẹnu ọjà ayé. Àwọn ilé òwò òyìnbó tẹ̀lé irin wá, wọ́n kọ́ ìsọ̀ sí ẹ̀bá ibùdókọ̀, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí àárín ilé iṣẹ́ àti ilé òwò. Ilé iṣẹ́ a máa gba ènìyàn wọlé láti ṣe nǹkan. Ilé òwò kì í gba ènìyàn wọlé. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ṣe parí ní ilé wọn ni ó ń rà lórí òṣùwọ̀n. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni U.A.C., tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929 nígbà tí Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lever wà, ọlọ́ṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ra Niger Company ní ọdún 1920.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Lever, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó. Epo pupa àti àdín ekùrọ́ ni ó fi ń ṣe ọṣẹ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi wọ́n ṣe bọ́tà àtọwọ́dá. Lever kò fẹ́ máa ra epo lọ́wọ́ alágbàtà. Ó fẹ́ ilẹ̀, oko ńlá tí yóò jẹ́ tirẹ̀, tí yóò gba òṣìṣẹ́ sí, tí yóò sì fi ẹ̀rọ fún epo níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ fún un ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Gómìnà Hugh Clifford, tí ó ṣàkóso láti ọdún 1919 sí 1925, wà lára àwọn tí ó takò ó gidigidi. Ó lọ gba ilẹ̀ tirẹ̀ ní Kóńgò àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1911, ohun tí ojú àwọn ará ibẹ̀ sì rí kò ṣeé fẹnu sọ tán. A máa ń yin Clifford nítorí èyí, ìyìn sì tọ́ sí i, nítorí pé ilẹ̀ wa kù sọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìpinnu kan náà ni ó fi gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún sí agbo ilé. Bí oko ńlá kò bá sí, ta ni yóò kó èso ọ̀pẹ tí ẹ̀rọ Liverpool ń béèrè? Ìdílé ni. Ta ni yóò fọ́ ekùrọ́? Obìnrin àti ọmọ ni.

Ẹni tí ó bá ti fọ́ ekùrọ́ rí kò nílò àlàyé. Òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń fọ́ ọ. Àwọn ọmọ a yí òkìtì rẹ̀ ká lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, èésan a máa ta, wọn a máa ṣa èyí tí ó dá, wọn a máa jù ú sínú igbá. Ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí igbá tó di àpò. Nígbà tí àpò bá dé orí òṣùwọ̀n ní Òṣogbo, ilé òwò kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọwọ́ tí ó fọ́ ọ. Owó tí ó san kò pọ̀ tó láti gba àgbà sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì nílò kí ó pọ̀, nítorí pé ọwọ́ tí ó ń ṣe é kì í gba owó. Ohun tí Slater ń san díẹ̀ fún, òfo ni ilé òwò san fún tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣírò lásán, mi ò rò pé òwò kan wà tí ó rọrùn ju èyí lọ.

Èdè wa ni ó bo èyí mọ́lẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ilé iṣẹ́, wọ́n a máa pe òṣìṣẹ́ ní ọwọ́: ilé iṣẹ́ kan ní ọwọ́ ọgọ́rùn-ún, òmíràn ní igba. Ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ni gbogbo wọn: ọmọ bíbí inú, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ iṣẹ́, ọmọ ẹ̀yìn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí a fi ń rán wọn níṣẹ́. A kì í sọ fún ọmọ pé kí ó ṣiṣẹ́. Bá mi fọ́ ekùrọ́ yìí. Bá mi ru ẹrù yìí dé ọjà. Bá mi kiri rẹ̀. Wúńrẹ̀n kékeré yìí, *bá*, ni ó ń sọ iṣẹ́ di àjọṣe. Ẹni tí ó bá mi ṣe nǹkan kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Oore ni ó ṣe, tàbí ojúṣe rẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni gírámà wa ń pa. Nígbà tí ekùrọ́ náà jẹ́ ti ọbẹ̀ àti àdín inú ilé, òótọ́ pọ́ńbélé ni *bá mi*. Ṣùgbọ́n nígbà tí ekùrọ́ ń lọ sí Liverpool, ẹni tí ọmọ ń bá ṣe é kò sí nínú agbo ilé mọ́, gírámà kò sì yí padà láti sọ fún wa.

Ohun tí ó tilẹ̀ wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, òótọ́ sì ni. Ẹni tí ó bá yá owó lè sin olówó fúnra rẹ̀, ó sì lè fi ọmọ sọfà. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni, yóò máa ti ilé ara rẹ̀ lọ sí oko olówó. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ọ̀dọ̀ olówó ni yóò máa gbé. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dín gbèsè kù rárá. Èlé owó ni iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí gbèsè náà ṣì wà bí ó ti wà. Àṣà yìí ti pẹ́ kí òyìnbó tó dé, nítorí náà kò bójú mu kí a di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn ilé òwò lórí, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ohun tí a lè sọ ni pé òwò ńlá fún un ní oúnjẹ jẹ. Owó orí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1918 ní agbègbè Ọ̀yọ́, èyí tí Òṣogbo àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, gbọ́dọ̀ jẹ́ owó òyìnbó. Kòkó pẹ̀lú dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti àwọn ìlú àríwá Òṣogbo, níbi tí ilẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ gba kòkó, lọ dá oko sí ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó, àwọn kan nínú wọn sì fi ọmọ tàbí àbúrò sọfà kí wọ́n lè rí owó tí wọn yóò fi dúró de kòkó tí yóò so lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà tí ọjà ayé wó ní ọdún 1929, gbèsè kò wó pẹ̀lú rẹ̀.

Ìjọba fi òfin lé ìwọ̀fà ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù sì ka fífi ènìyàn ṣe ohun ìdógò gbèsè mọ́ òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹjọ́ wá? Bàbá ni ó fi ọmọ sílẹ̀. Roland Dagenhart tiwa rèé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà ni pé kò nílò ilé ẹjọ́ kankan. Àdéhùn ti parí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú onígbọ̀wọ́, ọmọ sì ti di ẹrù rẹ̀ ru.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ohun kan tí ó mú ìtàn yìí dùn gbọ́. Ilé iṣẹ́ gidi wá sí Òṣogbo. Ní ọdún 1933 àwọn ará British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá níbẹ̀ fún ìdánwò, kí wọ́n tó kọ́ èyí tí ó tóbi sí Ìbàdàn ní ọdún 1937. Ọdún 1937 kan náà ni àwọn tí ń ra kòkó, U.A.C. àti Cadbury nínú wọn, fẹnu kò láti pín ọjà láàárín ara wọn kí wọ́n má baà máa du iye, tí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fi kọ̀ láti ta kòkó, tí ariwo náà sì dé ilẹ̀ wa. Ìjọba rán ìgbìmọ̀ Nowell láti wádìí rẹ̀ ní ọdún 1938. Iye owó, alágbàtà àti ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Àgbẹ̀ jẹ́ ẹni tí a ń rẹ́ jẹ, a gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówò bá dín owó kòkó kù, ibo ni àgbẹ̀ ti máa ń rí àlàfo náà dí? Ara àwọn tí kò gba owó ni.

Ohun tí ó mú ọmọdé kúrò ní oko ní ojú ọ̀nà Ìlobùú àti Ifọ́n kì í ṣe òfin tí ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, èyí tí S. O. Awókọ́yà ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 457 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 811. Kí ọjọ́ náà tó dé, ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti bínú. A máa ń sọ pé owó orí ṣílè 10 àti sísì tí ìjọba fi kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera ni ó fa ìbínú náà, ó sì wà lára ìdí tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fi fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Èrò tèmi ni pé owó nìkan kọ́. Àwọn bàbá mọ ìṣírò. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba ń gba ṣílè lọ́wọ́ wọn, ó sì tún ń gba ọwọ́ tí ń bá wọn fọ́ ekùrọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Kò sí ilé òwò kan tí ó fi kọ́bọ̀ lé owó ekùrọ́ nítorí pé ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ọmọ lọ, a ní láti wá ẹlòmíràn. Àwọn àgbàṣe dé láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbìrà àti Àgàtú, àwọn Ègùn pẹ̀lú ti ìhà ìwọ̀ oòrùn wá, ọ̀pọ̀ oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ fún ohun tí ọmọ ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni a ti mọ iye tí iṣẹ́ náà tó gan-an. Bákan náà ni àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ sọ di olówó oṣù, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ọmọ wọn àti ilé wọn nígbà tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí abúlé fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ilé tí ó gba ọmọ kan sílẹ̀ kúrò nínú fífọ́ ekùrọ́ ni ó mú ọmọ mìíràn wá fọ abọ́. Kò sí ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí mo kà tí ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọmọdébìnrin yẹn.

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí iṣẹ́, àyàfi bí ó bá jẹ́ ẹbí rẹ̀ ni ó gbà á, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti oko, ọgbà tàbí inú ilé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà kalẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Mo yé ohun tí àwọn aṣòfin ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá fi òfin de ẹbí, wọn yóò fi òfin de ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ tí kò bá bá ìyá rẹ̀ gún iyán kò ní mọ iyán í gún, ìdáwọ́lé àti ìfaradà inú iṣẹ́ sì jẹ́ ohun iyì lọ́dọ̀ wa; èmi pẹ̀lú yóò takò ẹni tí ó bá fẹ́ fòfin lé e. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí òfin ṣí sílẹ̀ fún ẹbí yìí gan-an ni òwò ńlá ti ń wọlé láti ọdún 1907. Ìbéèrè tí òfin ń béèrè ni pé, ta ni ó rán ọmọ níṣẹ́? Ìbéèrè tí ìtàn ìlú wa ń kọ́ wa láti béèrè yàtọ̀: iṣẹ́ náà parí, orí òṣùwọ̀n ta ni ó balẹ̀ sí?

Ìyàtọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Ní ọdún 2003 wọ́n rí ọmọ tí ó ju 100 lọ, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta fún àwọn tí ń kọ́lé. Òkúta ni wọ́n ń fọ́, kì í ṣe ekùrọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀fà: àdéhùn pẹ̀lú òbí, owó díẹ̀ lọ́wọ́, alágbàtọ́ tí ó ṣèlérí. Ní oko kòkó Ghana àti Côte d'Ivoire, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020 fi iye ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 2001 pé àwọn yóò fòpin sí èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀. Àwọn ará Mali mẹ́fà tí wọ́n ní wọ́n kó àwọn lọ sí oko kòkó nígbà tí àwọn wà ní ọmọdé pe ilé iṣẹ́ Nestlé àti Cargill lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Júùnù ọdún 2021 ìdájọ́ náà jáde láti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé ẹjọ́ kan náà tí ó gbọ́ ti Dagenhart. Adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sọ pé ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe ní Amẹ́ríkà kò tó láti so ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní oko mọ́ wọn lọ́rùn níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 tí ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 24.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀ka ìmọ̀ wa lè ṣe tí àwọn onímọ̀ ìṣírò kò lè ṣe. Ìwé àwọn ilé òwò ṣì wà ní ibi ìkówèépamọ́, iye tọ́ọ̀nù ekùrọ́ tí ó ti Òṣogbo wọ ọkọ̀ ojú irin sì ṣeé kà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé náà, ìyẹn ọwọ́ tí ó fọ́ ekùrọ́, kò sí ní ibi kankan bí kò ṣe ní ẹnu àwọn tí ó ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1955 ti lé ní ẹni 70 ọdún báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní oko nítorí pé ó ti dàgbà jù fún kíláàsì kìn-ín-ní ti ń sún mọ́ 90. Ó ṣì kù díẹ̀ nínú wọn ní Ìlobùú, ní Ifọ́n àti ní Ẹ̀rìn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn ní ìsinmi tí ń bọ̀ yìí, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n bá ta ni ṣe, iye ọjọ́ tí igbá fi ń di àpò, àti ẹni tí ó ru àpò náà dé Òṣogbo.